Àbàwọ́n Ara Ògiri Selma Wurmser

Ọjọ́ kejì tí Àjọ Ìrékọjá parí ni Selma Wurmser sọ̀kalẹ̀ láti yàrá òkè láti gbé omi kọfí kaná, tó sì rí i pé ògiri ilé ìdáná òun ti yí àwọ̀ padà.

Kì í ṣe gbogbo ògiri náà. Ojú ibì kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní àwọ̀ ewé tó ń kú lọ, etí rẹ̀ sì pọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni Selma fúnra rẹ̀ gun àkàbà tó kun ògiri yẹn ní ọ̀dà funfun nítorí àjọ̀dún, lẹ́yìn tó ti wá gbogbo èérún búrẹ́dì jáde nínú ilé, tó fi ìyẹ́ adìyẹ gbá abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì ha ìkòkò títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò sí ilé tó mọ́ tó tirẹ̀ ní gbogbo Dornviller, ìlú kékeré kan ní Alsace nílẹ̀ Faransé, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó gbẹ. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù nìyẹn. Bí yìnyín bá yọ́ lórí àwọn òkè, omi a máa wọ ìpìlẹ̀ àwọn ilé ìlú náà, ògiri a sì máa hu. Ṣùgbọ́n èyí gbẹ, ó sì tutù, ó tutù ju ògiri tó yí i ká lọ, bí gíláàsì fèrèsé ṣe máa ń tutù nígbà òjò dídì. Nígbà tó gbé imú sún mọ́ ọn, òórùn àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa ló gbọ́.

"Ilé ti gbó nìyẹn," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó po ọ̀dà, ó kùn ún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àbàwọ́n náà ti padà. Ó ti gùn tó apá èèyàn.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Selma nígbà yẹn. Opó ni, òun nìkan ló sì ń gbé inú ilé náà. Ogun ti parí láti ọdún mẹ́tàlá. Kí ogun tó dé, ọkọ rẹ̀, Edmond, ni olùtọ́jú sínágọ́gù ìlú náà. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, Selma gbé ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ sí Périgueux, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, Edmond sì ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Oṣù keje ọdún 1940 ló tó dé, àpò kan ṣoṣo lọ́wọ́, nítorí àwọn ará Jámánì ti lé gbogbo Júù kúrò ní Alsace. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ pé sínágọ́gù ti jóná. Selma bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìwé Òfin wọn, àkájọ awọ tí àwọn baba ńlá wọn ti ń kà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Edmond kò wo ojú rẹ̀.

"Ohun tí o ò bá mọ̀, Selma, wọn ò lè lù ú jáde lẹ́nu rẹ," ó ní.

Ìgbà òtútù ọdún 1944 ni wọ́n mú Edmond lọ, kò sì padà. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. "Má ta ilé yẹn o!" ló pariwo. Selma kò tà á. Ìgbà tó padà sí Dornviller, wọ́n ti kó gbogbo inú rẹ̀ lọ, débi pé ṣíbí kan ṣoṣo kò kù. Àárín ilẹ̀ ló sùn sí lálẹ́ àkọ́kọ́, ó fi bàtà rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè rí ohun èlò kó má rà á. Ó ra aṣọ ìbùsùn, ó ra aṣọ tábìlì, ó tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ìgò jáàmù kún àjà ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá tọrọ nǹkan, "Mi ò ní" ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ kẹjọ tí àbàwọ́n náà yọ ni Berthe Picard, tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, wọlé láìkan ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Obìnrin tó sanra, tó máa ń rẹ́rìn-ín, ni Berthe. Òun náà ti Périgueux padà bọ̀ ni.

"Selma, ọ̀rẹ́ mi, ó kù dẹ̀dẹ̀ kí Nicole ọmọ mi lọ sílé ọkọ. Bí Àjọ Ọ̀sẹ̀ bá ti kọjá báyìí ni. Àlejò ọgọ́ta! Aṣọ tábìlì méjì péré ni mo ní, eku sì ti jẹ ọ̀kan. Yá mi ní tìrẹ. N ó fọ̀ ọ́, n ó lọ̀ ọ́, n ó dá a padà."

"Mi ò ní."

"O ò ní kẹ̀? Ìwọ Selma?"

"Ṣé o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe kó ilé mi ni? Èyí tó wà lórí tábìlì yìí nìkan ni mo ní."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì lọ sára ògiri lẹ́yìn orí Berthe. Àbàwọ́n náà ń rìn. Kò yára. Ó ń gòkè bí wàrà tó dà sára aṣọ ṣe ń ràn, ó dé ibi tí ìkòkò gbé kọ́, ó kọjá rẹ̀, ó kan igi àjà, ó sì dúró. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìgbà tí èèyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ.

"Kí lò ń wò?" Berthe bojú wẹ̀yìn. "Háà, ògiri ẹ ti ń hu o. Ìyẹn ni ilé ẹ ṣe tutù báyìí. Ká ní mo bọ́ bàtà ni, ẹsẹ̀ mi ì bá ti kú." Ó gbọn ìborùn rẹ̀, ó jáde. Ó mọ̀ pé irọ́ ni Selma pa.

Selma kò kun ògiri náà mọ́. Ó gbé àga rẹ̀, èyí tó máa ń jókòó tòògbé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri kó má bàa rí i. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó, ńṣe ni ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ń tutù.

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sán gangan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin kan ni, yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí eruku funfun ti bò. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú ní ọwọ́ òsì. Ìka méjì tó kẹ́yìn kò sí lọ́wọ́ náà. Ajá Berthe, tó máa ń gbó kódà bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ ọkùnrin náà, kò gbó.

"Ẹ káàsán, màdáámù," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́, ní èdè ilé, èdè àwọn ará Alsace. "Ṣé ẹ ti kó ẹrù yín jáde?"

"Ẹrù wo? Mi ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni o."

Ọkùnrin náà kò wò ó mọ́. Ó ń wo ilé ìdáná láti orí èjìká rẹ̀, bí ẹni tó ń wo aláìsàn lórí ibùsùn. "Ó ti rẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ó ti gbé e pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ kó ẹrù yín jáde kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Gbogbo rẹ̀ pátá o, títí kan ìkòkò."

"Ta ló rẹ̀?"

Omi ìkòkò hó dà sórí sítóòfù. Selma yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó tún bojú wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ojú ọ̀nà sì ṣófo láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé orí afárá. Ipa ẹsẹ̀ méjì wà lórí òkúta ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n funfun bí ẹfun. Kò sí òmíràn lórí àtẹ̀gùn, kò sí òmíràn lójú ọ̀nà. Nígbà tó gbá wọn, eruku náà tutù bí yìnyín dé egungun ọwọ́ rẹ̀.

Kò sùn dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó lọ sí yàrá tó wà lókè ilé oníbúrẹ́dì, níbi tí àwọn Júù Dornviller tó kù ti ń gbàdúrà láti ìgbà tí ogun ti parí, pẹ̀lú Ìwé Òfin tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Colmar. Rábì Ginsburger ló bá níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú Bàbá Lazare Katz, tó ń tún aago ṣe. Bàbá náà ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, òun nìkan ló sì kù ní ìlú tó jẹ́ ìran Árónì, ìran àwọn àlùfáà. Rábì ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀, bàbá ń jẹ búrẹ́dì.

"Rábì, mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ tí ẹ ò fi ní rò pé orí mi ti yí," ni Selma wí. "Ó dà bí ẹni pé àrùn kan fara hàn mí nínú ilé mi."

Gègé bọ́ lọ́wọ́ Rábì. Bàbá Katz dá ẹnu dúró.

"Ta ló kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ yẹn, màmá?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Rábì yí ìwé rẹ̀ sí i. Ìpín tí wọ́n máa kà ní ọjọ́ Ìsinmi wọn, Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ni, nítorí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀ títí ọdún fi yí po. Níbẹ̀ ni òfin gbé sọ̀rọ̀ nípa ilé tí àbàwọ́n bíi ti ẹ̀tẹ̀ bá yọ lára ògiri rẹ̀, bóyá ó rí bí ewé tàbí ó pọ́n. Ẹni tó ni ilé náà gbọ́dọ̀ lọ bá àlùfáà. "Ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ sọ lẹ sọ yẹn," Rábì ní. "Kò gbọdọ̀ sọ pé àrùn wọ ilé mi. Bó ti wù kó jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó, 'ó dà bí ẹni pé' ni yóò sọ. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù, a kì í dá a lẹ́jọ́ kí wọ́n tó bá wa wò ó."

"Àlùfáà ló sì máa wò ó," ni Bàbá Katz wí, ó nu èérún kúrò lára irùngbọ̀n. "Èmi nìyẹn o! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí mo ti ń jẹ́ ọmọ Árónì, ẹnikẹ́ni ò gbé iṣẹ́ wá rí. Ẹ jẹ́ n mú awò tí mo fi ń wo inú aago."

"Bàbá, òfin yẹn ò dé ìlú òkèèrè," Rábì ní. "Ilẹ̀ Ísírẹ́lì nìkan ló wà fún."

"Ta ló bi ọ́? Dìde ká lọ."

Ìgbà tí wọ́n dé ilé ìdáná Selma, bàbá ò dápàárá mọ́. Ó fi awò sójú, ó wo àbàwọ́n náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà. Rábì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn olùkọ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n.

"Àwọn àgbà wa kọ́ wa pé ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní òun ò ní, òun ni irú àrùn yìí máa ń wá bá. Àlùfáà a ní kó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ síta, gbogbo èèyàn a sì rí ohun tó ní."

Ojú Selma gbóná. "Ṣé ilé mi lẹ wá wò ni, àbí èmi?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ìwé ni mo ń kà." Ọ̀rọ̀ náà ò yé Rábì rárá, èyí hàn lójú rẹ̀. "Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí ẹrù jáde kí àlùfáà tó wọlé? Kí ohun tó wà nínú ilé má bàa di aláìmọ́ pẹ̀lú ògiri. Ìkòkò amọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ẹrù wọn nígbà yẹn o. Ọlọ́run ń ro ti ìkòkò amọ̀ tálákà kó tó ro ti ohunkóhun."

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí ló la Selma lẹ́nu. Ó jókòó, ó sọ ti ọkùnrin àná fún wọn, bó ti dúró, ohun tó wí. Nígbà tó dé orí ìka, Bàbá Katz yíjú padà.

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì."

"Ìka wo àti ìka wo?"

"Méjì tó kẹ́yìn."

Bàbá yọ awò kúrò lójú, ó gbìyànjú láti fi í sínú àpò, kò rí àpò. "Selma, ọmọ mi," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kó ẹrù rẹ jáde."

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni, Bàbá?"

"Kó ẹrù jáde ná. Mo jẹ́ àlùfáà, mo ti wò ó, mo sì ti sọ̀rọ̀. Lónìí. Nísinsìnyí."

Kò sẹ́ni tó tún jiyàn. Rábì lọ pe oníbúrẹ́dì, Berthe pe ọkọ rẹ̀, àwọn aládùúgbò dé, títí kan àwọn tí kì í ṣe Júù. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé tábìlì, wọ́n gbé ìgò jáàmù jáde láti àjà ilẹ̀. Selma jókòó sórí àga rẹ̀ láàárín ọ̀nà nínú oòrùn, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kò lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà gba ẹnu ilẹ̀kùn láìkó ohun inú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó na kọ́kọ́rọ́ náà síta. Berthe ló sì gbà á.

Aṣọ ìbùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó funfun, ó ń ta sánsán. Lẹ́yìn náà, aṣọ tábìlì. Berthe ń tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà wọ́n sókè.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́tàdínlógún." Ó dúró. "Selma. Aṣọ tábìlì mẹ́tàdínlógún."

Selma mọ̀ pé òun ṣì lè wá irọ́ kan pa. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo purọ́ fún ẹ," ó ní. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Berthe. Bí mo bá ti fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n tún ti dé ẹnu ọ̀nà, pé wọ́n fẹ́ kó mi lọ."

Berthe wá dúró níwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gbá a létí jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ. "Òmùgọ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Wá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọṣẹ ló kún ibẹ̀. Ọṣẹ igba! Ọkọ mi ò rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Bí mo bá ti rí ọṣẹ, àfi kí n rà á."

"Òótọ́ ni," ni ọkọ rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀rín ni àwọn obìnrin méjèèjì kọ́kọ́ bú sí, lẹ́yìn náà ẹkún. "Kó gbogbo ẹ̀," ni Selma ń wí. "Kó wọn fún Nicole, má dá wọn padà." Berthe ní òun máa dá wọn padà ni, ta ló fẹ́ máa fọ wáìnì àlejò ọgọ́ta kúrò lára aṣọ títí ayé?

Ìkòkò ni wọ́n kó kẹ́yìn. Rábì ló gbé e jáde, ìkòkò ọbẹ̀ kan tí etí rẹ̀ ti kán. Bó ti gbé e sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì lu aago mẹ́rin.

Kò sí ariwo ńlá níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn gbọ́ dà bí ìgbà tí àgbàlagbà kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn tó sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Ògiri ilé ìdáná tẹ̀ síwájú, àwọn igi àjà já tẹ̀ lé e, yàrá òkè sì wó lulẹ̀ sórí sítóòfù, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eruku funfun bo ojú ọ̀nà.

Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ka ara wọn. Gbogbo wọn pé. Ajá Berthe náà pé. Selma dìde lórí àga rẹ̀, ó yíjú wo àga náà, ó yíjú wo ibi tó máa ń wà ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́ ayé. Igi àjà tó nípọn ju ara èèyàn lọ ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà òtútù ọdún 1944, kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run rí. Ó máa ń lọ síbi àdúrà, ó máa ń tan àbẹ́là ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ ọpẹ́ jáde. Ó gbé e jáde báyìí, lójú ọ̀nà, láàárín ẹrù rẹ̀, ó ń sọ ọ́ léraléra bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, àwọn èèyàn sì ń dáhùn pé Àmín.

"Ẹ wá wo ibí o!" Oníbúrẹ́dì ló ké láti inú òkìtì.

Ìdí ògiri náà ṣì dúró, ihò kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi bíríkì yíká dáadáa. Àpótí páànù gígùn kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fi òjé jó ẹnu rẹ̀ pa yí po. Wọ́n ní láti fi àlùmọ́gàjí gígé páànù gé e. Aṣọ àdúrà funfun onílà dúdú ló wà lókè. Selma mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó ṣí i. Òun ló lẹ igun rẹ̀ tó ya. Nínú aṣọ àdúrà Edmond ni Ìwé Òfin Dornviller wà, ó gbẹ, ó pé, pẹ̀lú igi méjèèjì tí wọ́n fi ń ká a.

Rábì ń sunkún láìnu ojú. Nígbà tó yá, ó ní àwọn àgbà kan tiẹ̀ sọ pé ìròyìn ayọ̀ ni àrùn ilé fún àwọn baba wa, nítorí bí wọ́n bá wó ògiri, wọn a rí ìṣúra tí àwọn tó ti kọjá lọ fi pa mọ́ síbẹ̀. Ó ní òun ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọ̀rọ̀ yẹn láti ọdún márùn-ún, òun ò sì gbà á gbọ́ rí.

Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ àpótí, ìkọ̀wé Edmond ló wà lára rẹ̀. Selma kà á fún wọn: "Oṣù keje, 1940. Èmi àti Xavier Adam, bíríkìlà, la mọ ògiri yìí. Ife wáìnì kan ṣoṣo ló gbà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ ìtàn Báláámù la wà. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ ní ojú ibẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kó máa kà á lọ."

Bàbá Katz ṣí fìlà, ó tún dé e. "Ayùn ló gé ìka Xavier, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ará Jámánì yìnbọn pa á ní ọdún 1943, torí pé ó ń mú àwọn èèyàn gba orí òkè sá lọ. Orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Mò ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́."

Ilé Berthe ni Selma sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹtì, kó tó jẹun, ó mú òkúta kékeré kan láti inú ògiri tó wó, ó lọ sí itẹ́ òkú àwọn Kátólíìkì, ó gbé e sídìí àgbélébùú Xavier Adam, bí àwọn Júù ṣe máa ń ṣe fún òkú wọn. Ó dúró níbẹ̀ títí ìrì fi gba inú bàtà rẹ̀ wọlé. "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adam," ló wí. "Mi ò ní kẹ́ ẹ wọlé lọ́jọ́sí. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó ku wákàtí méjì kí oòrùn wọ̀ ni Rábì ránṣẹ́ pè é sí yàrá òkè ilé oníbúrẹ́dì. Bàbá Katz ti wà níbẹ̀. Wọn ò ní í kà nínú ìwé náà lọ́la, Rábì ní, àfi bí akọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ti Strasbourg wá wo gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí i bóyá awọ rẹ̀ ń sán. Òun yóò ṣí i díẹ̀ ní ibi ìtàn Báláámù, nínú ìwé kẹrin, níbi tí Edmond fi í sí, òun yóò sì tún pa á dé.

Àmùrè aṣọ tí wọ́n fi dì í ṣì wà bí Edmond ti so ó. Selma ló tú u. Rábì di igi méjèèjì mú, ó ṣí wọn sọ́tọ̀ díẹ̀.

Ó tẹ̀ ba, ó mú ọ̀pá fàdákà tí wọ́n fi ń tọ́ka ọ̀rọ̀, ó fi tẹ̀ lé ìlà kan, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Bàbá Katz bi í. "Ó ti bàjẹ́?"

"Rárá. Lẹ́tà kan ò parẹ́."

"Kí wá ni?"

"Kì í ṣe Báláámù ló wà níbí."

Rábì dìde, ó ṣí àpótí mímọ́, ó gbé ìwé tí wọ́n yá láti Colmar jáde, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti yí láàárọ̀ yẹn sí ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ kíkà lọ́la. Ó ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì lórí tábìlì. Bàbá Katz fi awò sójú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìpín ọ̀sẹ̀ yìí ni, nínú ìwé kẹta. Ojú kan náà ni ìwé méjèèjì ṣí sí, ìlà kan náà.

"Bóyá ó yí nígbà tí ògiri wó," ni bàbá wí.

"Nínú àpótí tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pa, Bàbá? Tí àmùrè sì so?"

"Bóyá Edmond ṣe àṣìṣe."

"Edmond ò ṣe irú àṣìṣe yẹn rí," ni Selma wí. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni fún ọdún méjìlélógún, ní gbogbo ọjọ́ ẹtì, ní irú àkókò yìí gan-an. Yóò fọ ọwọ́, yóò wọlé lọ bá ìwé náà lóun nìkan, yóò yí i láti ìpín ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí ìpín ọ̀la, kí òǹkàwé má bàa máa wá ojú ibẹ̀ kiri níwájú ìjọ.

Rábì ń ṣírò pẹ̀lú ètè. Láti ìtàn Báláámù ti ọdún 1940 títí di òní. Yíyípo ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kò yí i. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, kò sì jọ pé ó fẹ́ fọwọ́ kan ìwé náà mọ́.

Selma ló pa á dé. Ó di igi méjèèjì mú láti sún wọn pọ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ ba. Yàrá náà tutù, nítorí oníbúrẹ́dì ti pa iná rẹ̀ láti ọ̀sán nítorí ọjọ́ Ìsinmi tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n igi tó dì mú lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí igi tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Ẹ mà ṣé o."

Bàbá Katz àti Rábì kò bi í léèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó so àmùrè náà bó ti bá a, ó fi aṣọ àdúrà bò ó, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé Berthe láti lọ tan àbẹ́là.